Ìgbìyànjú márùn-ún láti po Paloma nílé

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju ife kan ṣoṣo lọ. Paloma ni: tẹ̀kílà, omi ọsàn gíréèpù, omi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, omi sódà àti yìnyín. Ọtí àwọn ará Mẹ́síkò ni, ẹyẹlé sì ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Sípéènì. Mo mu ún lẹ́ẹ̀kan nílé ọ̀rẹ́ mi kan, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó tutù dé eyín. Ó kan, ó korò díẹ̀, kíkorò yẹn sì lọ kíá bí àlejò tó kí ni lẹ́nu ọ̀nà tí kò wọlé jókòó. Kí n tó gbé ife kalẹ̀, ọ̀fun mi ti tún ń bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí mo ní kí n po tèmi nílé, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà mí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, torí mo fẹ́ mọ ohun tó ń yí adùn rẹ̀ padà gan-an. Ohun tí mo kọ nìyí, pẹ̀lú àlàyé tí mo fi kún un lẹ́yìn tí mo ti wádìí ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ní nílẹ̀: ṣékà, ìyẹn agolo onídèérí tí wọ́n fi ń mi ọtí pọ̀, ife ìwọ̀n kékeré tí wọ́n sàmì mílílítà sí, asẹ́ méjì, ojú ọ̀kan fẹ̀, ojú èkejì wẹ́, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó èèpo, ohun ìfún-ọsàn, àti òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kó mú òṣùwọ̀n. Ìgò onídèérí lásán lè ṣe iṣẹ́ ṣékà, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè wọn mílílítà 15.

Ìgbìyànjú kìíní

Alẹ́ Fúráídé ni mo ti fún ọsàn sílẹ̀, kí iṣẹ́ lè yá lọ́jọ́ kejì. Mo la gíréèpù sí méjì-méjì, mo tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí ohun ìfún-ọsàn, mo sì ń yí i títí tí kò fi sí nǹkan kan mọ́ nínú èèpo. Inú mi dùn pé mi ò fi ẹ̀kán kan ṣòfò. Mo da omi rẹ̀ sínú ìgò, mo gbé e sínú fíríìjì, mo sùn.

Ní Sátidé, mo wọn ọ́n báyìí: tẹ̀kílà mílílítà 50, omi gíréèpù 60, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 15, omi ṣúgà 10 (ṣúgà àti omi lọ́gbọọgba), omi sódà 60. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà sínú ṣékà, omi sódà pẹ̀lú. Mo kó yìnyín sí i, mo dé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. Mi ò tíì mì ín tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí ìdérí fi fò. Ọtí dé ara ògiri, ó dé àjà. Gáàsì inú omi sódà ló ṣe é. Bí wọ́n bá ń mì ín, gáàsì náà á máa sá jáde kúrò nínú omi. Nígbà tí agolo ti wà ní dídé, kò rọ́nà mìíràn gbà ju kó ti ìdérí lọ. Láti ọjọ́ náà, inú ife ni omi sódà ti ń pàdé àwọn yòókù, kì í wọ ṣékà mọ́.

Mo nu ilẹ̀, mo tún òmíràn po. Ó korò bí jogbo. Kì í ṣe kíkorò tí gíréèpù ń ní tó máa ń dùn lẹ́nu. Èyí lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ahọ́n, ó kọ̀, kò lọ. Lẹ́yìn náà ni omi lásán tẹ̀ lé e: yìnyín wẹ́wẹ́ tí mo kó sí i ti yọ́ tán kí n tó mu ún dé ìdajì. Mo dà á nù, ó sì dùn mí láti dà á nù. Agave tí wọ́n fi ń ṣe tẹ̀kílà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ọdún kan. Inú ilẹ̀ ló máa ń wà fún bí ọdún 6 sí 8 kó tó gbó, kí wọ́n tó wá gé gbogbo ewé rẹ̀ dànù, kí wọ́n hú ìdí rẹ̀ tó tóbi bí òkúta, kí wọ́n sè é, kí wọ́n fún un, kí wọ́n jẹ́ kó kan, kí wọ́n sì sè é di ọtí líle lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ máa da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ojú gọ́tà.

Ìgbìyànjú kejì

Mo di ẹ̀bi ru ìgò. Aláwọ̀ wúrà ni tẹ̀kílà tí mo kọ́kọ́ rà, ohun tí wọ́n sì kọ sí ara rẹ̀ kò ju «tequila» lọ. Mo lọ wádìí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, mo sì dúpẹ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Oríṣi méjì ni òfin Mẹ́síkò pín tẹ̀kílà sí. Ọ̀kan ni èyí tí gbogbo ṣúgà tó di ọtí nínú rẹ̀ ti ara agave wá. Wọ́n á kọ «100% de agave» sí ara ìgò rẹ̀ gbangba. Èkejì, ó kéré tán, ìdá 51 nínú 100 ṣúgà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti agave, ìyókù lè jẹ́ ti ìrèké tàbí ti nǹkan mìíràn. Tí ìgò bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìdá 100 yìí, irú kejì yìí ló wà lọ́wọ́ èèyàn. Àwọ̀ wúrà kò sì fi dandan sọ pé ọtí náà ti pẹ́ nínú àgbá. Òfin gbà kí wọ́n fi ṣúgà jíjóná pa á láró.

Tèmi ti jẹ́ irú kejì. Nígbà tí mo padà lọ rà, blanco, ìyẹn tẹ̀kílà funfun tí wọn kò fi pẹ́ nínú àgbá, tó jẹ́ agave pọ́ńbélé ni mo mú. Ní ti àwọn tó ń pẹ́ nínú àgbá, reposado gbọ́dọ̀ lo oṣù méjì, ó kéré tán, nínú igi óòkù. Añejo á lo ọdún kan. Extra añejo á lo ọdún mẹ́ta. Igi máa ń fún ọtí ní òórùn fànílà àti ti ohun yíyan, ohun tó dára ni bí èèyàn bá ń fi ẹnu kàn án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ife tí ọsàn ti jẹ́ ọba, mo fẹ́ ọtí tó ṣì ń rùn bí ewé tútù àti ata dúdú, ìyẹn sì ni blanco. Mo tún kọ́ láti máa wo nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń tẹ̀ lé NOM lára ìgò, torí òun ló ń sọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti sè é. Ìgò méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ lè ní nọ́ńbà kan náà.

Mo fi ìgò tuntun yìí po ọtí, mo sì fi omi gíréèpù tó kù láti alẹ́ Fúráídé sí i. Òórùn rẹ̀ dára sí i, kò ta mí lọ́fun bíi ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kíkorò náà ń bẹ níbẹ̀, àní ó tún le sí i.

Ìgbà yẹn ni mo dán nǹkan kan wò tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe kí n tó náwó. Mo ní kí ìyàwó mi bu tẹ̀kílà méjèèjì sínú ife kéékèèké, kó má sọ èwo ni èwo. Ní òun nìkan, mo dá wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Agave pọ́ńbélé yẹn yàtọ̀ gedegbe. Ó wá fi omi gíréèpù àti ọsàn wẹ́wẹ́ po ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo kọ sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ìgò kò jẹ̀bi.

Ìgbìyànjú kẹta: omi ọsàn

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà, nítorí náà máa rọra sọ ọ́.

Mo ra gíréèpù tuntun, aláwọ̀ pupa nínú. Alẹ́ ọjọ́ kan mo fún díẹ̀ nínú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń fún un, pẹ̀lú gbogbo agbára, mo gbé e sínú fíríìjì. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo fún ìkejì bẹ́ẹ̀ náà. Mo wá fún ìkẹta ní ọ̀nà mìíràn: mo la ọsàn ní ìbú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ rọra fún un, ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wọ̀jà ni mo ti dúró. Mo fi asẹ́ ojú wẹ́ sẹ́ ẹ, mi ò fi ṣíbí tẹ ohun tó kù nínú asẹ́. Ife mẹ́ta wá wà lórí tábìlì, omi ọsàn lásán ló wà nínú wọn, kò sí ọtí, kò sí ṣúgà.

Ìkẹta dùn. Ó kan, ó mọ́ lẹ́nu, ó sì korò bí ó ṣe yẹ kí gíréèpù korò. Ìkejì korò jù ú lọ ní gbangba. Ìkìíní, èyí tó sùn nínú fíríìjì, òun ló ní kíkorò tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ahọ́n. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú.

Ohun méjì ló ń ṣe èyí, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ń jẹ́ naringin. Ara funfun tó wà lábẹ́ èèpo àti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó pààlà sáàárín ọsàn ló pọ̀ sí jù. Bí a bá ń tẹ ọsàn mọ́ irin tí a sì ń yí i, ara funfun yẹn là ń họ sínú omi. Ẹ wo èèpo tí ẹ bá ti fún un tán: tí inú rẹ̀ bá mọ́ lau, tí awọ rẹ̀ ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ibi tí kíkorò ti wá nìyẹn. Ìkejì ni limonin. Èyí kì í sí nínú omi ọsàn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ohun mìíràn tí kò korò ló wà nínú ẹran ara ọsàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pàdé ohun kíkan inú omi ọsàn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yí padà di limonin. Ìdí nìyí tí omi gíréèpù tó dùn ní alẹ́ fi lè korò ní àárọ̀, láìjẹ́ pé ó bàjẹ́. Fíríìjì kò dá a dúró.

Ìyẹn ni pé ohun méjì tí mo rò pé ó jẹ́ ọgbọ́n, kí n fún un sílẹ̀ ṣáájú, kí n má sì fi ẹ̀kán kan ṣòfò, àwọn gan-an ló ba ọtí náà jẹ́. Ọsàn tí mo ń rí bíi mílílítà 150 lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, 110 ni mo ń rí báyìí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mílílítà 40 tó ṣẹ́ kù yẹn ló gbé kíkorò.

Ọsàn wẹ́wẹ́ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kì í ṣe ohun tí à ń fún sílẹ̀ di ọ̀la. Mo máa ń fún un láàárín wákàtí tí mo bá fẹ́ lò ó. Mílílítà 15 ni mo dúró lé, torí ohun kíkan inú rẹ̀ pọ̀ ju ti gíréèpù lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tí mo fi 25 sí i, ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ni ẹnu ń gbọ́.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ tán, pàápàá tí ẹ bá ń pò ó níta gbangba nínú oòrùn. Oje rẹ̀ lára awọ pẹ̀lú oòrùn lè bó ni bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Àwọn kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní furanocoumarin ló ń fà á. Orúkọ yẹn máa tó padà wá.

Ìgbìyànjú kẹrin: yìnyín àti gáàsì

Ọtí ti dùn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń di omi lásán kó tó tán. Mo wọn ọtí lórí òṣùwọ̀n kí n tó kó yìnyín sí i, mo sì tún wọn èyí tí mo sẹ́ jáde lẹ́yìn tí mo mì í, kí n lè mọ iye omi tí yìnyín ń fi sí i. Yìnyín wẹ́wẹ́ tó ti wà nínú abọ́ lórí tábìlì fún ìgbà díẹ̀ fi omi bíi gíráàmù 50 sí i. Yìnyín ńláńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fìrísà, tó gbẹ, tó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, fi 32 sí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12, ọtí náà sì tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, torí mo rò pé kí nǹkan tó tutù, yìnyín gbọ́dọ̀ yọ́. Òótọ́ ni o. Gíráàmù yìnyín kan, bó bá ń yọ́, ń gba ooru tó tó láti mú kí gíráàmù omi 80 fi dígírì kan tutù sí i. Yíyọ́ ló ń mú nǹkan tutù. Ṣùgbọ́n yìnyín tó ti jókòó ní ìta ti yọ́ ní ara kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọtí. Omi tó lẹ̀ mọ́ ọn lára ti ná agbára rẹ̀ síbòmíràn, ohun tó kù fún un ni kó wá la ọtí. Yìnyín omi tí ara rẹ̀ gbẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fìrísà, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kún agolo dáadáa. Kíkún rẹ̀ kò mú kí omi pọ̀ jù.

Fún inú ife, mo fẹ́ yìnyín kan ṣoṣo, gbọọrọ, tó mọ́ bíi gíláàsì. Camper English, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló gbé ọ̀nà tí mo tẹ̀ lé síta ní ọdún 2009. Kúlà kékeré, tí ògiri rẹ̀ ń dènà òtútù, ni kí a bu omi sí, kí a ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì gbé e sínú fìrísà. Nítorí pé orí nìkan ni òtútù ráyè wọ̀, òkè ni omi ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tí yóò sì máa dì lọ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí inú omi á máa sá fún un lọ sí ìsàlẹ̀. Bí a bá gbé e jáde kí ìsàlẹ̀ tó dì, gbogbo èyí tó dì ló máa mọ́ gaara. Kúlà tèmi gba wákàtí 20.

Mo fi ọ̀bẹ eléyín kàn án bí mo ṣe gbé e jáde. Ó fọ́ yángá. Ara rẹ̀ ṣì funfun pẹ̀lú òtútù, inú rẹ̀ le jù. Lọ́jọ́ kejì mo gbé òmíràn sórí aṣọ ìnuwọ́, mo sì dúró tì í. Fún bí ìṣẹ́jú 20, funfun ara rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti etí wá sí àárín, bí ìrì tó ń gbẹ lójú fèrèsé, títí tí mo fi rí àwọ̀ aṣọ ìnuwọ́ náà láti orí rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ fa ilà kan, mo fi igi kan ẹ̀yìn ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lágbára rárá. Ó là sí méjì gbọọrọ, ojú ibi tó ti là dán bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan ra á. Mo kó wọn padà sínú fìrísà.

Ti omi sódà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Omi tútù ń di gáàsì mú ju omi tó lọ́ọ́wọ́ọ́ lọ, nítorí náà ìgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sun fíríìjì, kí ìgò náà sì jẹ́ kékeré tí ẹ máa lò tán. Ẹ fẹ̀gbẹ́ ife, ẹ jẹ́ kó gba ara gíláàsì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ṣíbí gbé ìsàlẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Ìgbìyànjú karùn-ún: èèpo àti iyọ̀

Ohun tó kù ni òórùn. Ọtí ti ọ̀rẹ́ mi, kí n tó fi ẹnu kàn án ni imú mi ti gbọ́ ọ. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ọsàn ní adùn, ṣùgbọ́n inú èèpo ni òórùn gíréèpù wà, nínú àwọn àpò epo tíntìntín tí ojú lè rí bí ihò wẹ́wẹ́ lára èèpo.

Mo bó èèpo gíréèpù méjì tẹ́ẹ́rẹ́, mo yẹra fún ara funfun, mo wọn gíráàmù 40. Mo da gíráàmù ṣúgà 100 lé e nínú abọ́, mo fi ìdí igi tẹ̀ ẹ́ títí tí ṣúgà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra bíi yanrìn etí òkun. Ṣúgà ló ń fa epo jáde kúrò lára èèpo. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, nígbà tí mo tẹ abọ́ sí ẹ̀gbẹ́, omi kíki aláwọ̀ ìyeyè sàn wá sí igun rẹ̀, gbogbo ilé ìdáná sì ń rùn bí ẹni pé wọ́n ń ká ọsàn níbẹ̀. Mo da mílílítà omi gbígbóná 100 sí i, mo rò ó títí ṣúgà fi yọ́, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó tutù. Èyí ló gba ipò omi ṣúgà.

Nígbà tí mo ń gún èèpo yìí lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé.

«Kí lò ń gún láti àárọ̀ yìí?»

«Èèpo ọsàn ni, ma. Ẹ gbóòórùn rẹ̀.»

Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní kí n po tiwọn náà. Mo ti fẹ́ mú ife kejì kí n tó rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bá apòògùn wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n pè é níwájú mi, kò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní rárá, wọn kò gbọ́dọ̀ mu gíréèpù, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ọtí lé oògùn náà.

Ọ̀rọ̀ furanocoumarin nìyẹn. Àwọn kẹ́míkà inú gíréèpù yìí máa ń dá iṣẹ́ dúró lára èròjà kan nínú ìfun tó ń fọ́ ọ̀pọ̀ oògùn túútúú kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Tí èròjà yẹn kò bá ṣiṣẹ́, oògùn tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ ju èyí tí dókítà rò lọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n kàn mí gan-an lórí iṣẹ́ yìí: ní Kánádà, ní ọdún 1989, David Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wádìí bí ọtí ṣe ń bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń jẹ́ felodipine ṣe. Omi gíréèpù ni wọ́n fi bo adùn ọtí náà mọ́lẹ̀, ṣe ni oògùn náà sì pọ̀ lọ́nà àrà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó mu ún. Gíréèpù ló ṣe é. Ipa rẹ̀ lè ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà kí èèyàn lo oògùn láàárọ̀ kó sì mu gíréèpù lálẹ́ kò yanjú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn, kó bèèrè kó tó mu ún, ì báà jẹ́ láìsí ọtí. Omi ọsàn dídùn àti omi sódà, láìfi ọtí tàbí iyọ̀ sí i, ni mo fún ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn yìnyín mi tó mọ́ gaara.

Ó wá kan iyọ̀. Àwọn kan máa ń fi ra etí ife yíká. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀, ètè mi gbọ́ iyọ̀, ọtí kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ kí iyọ̀ ṣe yàtọ̀. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Breslin àti Beauchamp, fi hàn pé iyọ̀ ń tẹ kíkorò mọ́lẹ̀ lẹ́nu, tí àwọn adùn mìíràn á sì wá yọjú. Ìyẹn ni pé inú ọtí ló yẹ kó wà, ní ìwọ̀n tí ẹnu kò ní dá a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí iyọ̀.

Mo yọ́ gíráàmù iyọ̀ 20 sínú gíráàmù omi 80, mo rọ ọ́ sínú ìgò kékeré tó ń kán ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Mo po ọtí kan, mo pín in sí ife mẹ́rin. Mi ò fi nǹkan kan sí àkọ́kọ́; nínú àwọn yòókù, mo ṣe é ní ìwọ̀n ẹ̀kán 3, ẹ̀kán 5 àti ẹ̀kán 10 sí odindi ife. Ẹ̀kán 3, bóyá mo gbọ́ ọ, bóyá mi ò gbọ́. Ẹ̀kán 10, iyọ̀ ni. Ẹ̀kán 5 ni mo gbé sẹ́nu tí mo dúró lójú kan. Ṣe ni gíréèpù náà pọ́n sí i lẹ́nu mi, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a.

Bó ṣe wà báyìí

Tẹ̀kílà blanco mílílítà 50. Omi gíréèpù tí a fi ọwọ́ fún lójú ẹsẹ̀, 60. Omi ọsàn wẹ́wẹ́, 15. Omi ṣúgà èèpo, 15. Ó lé díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Omi iyọ̀, ẹ̀kán 5. Ẹ mi gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fìrísà fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹ sẹ́ ẹ sórí yìnyín ńlá, ẹ da omi sódà tútù 60 lé e. Ẹ gé èèpo gíréèpù pélébé kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po lójú ife, kí epo rẹ̀ fọ́n sí ojú ọtí. Bí iná bá wà lẹ́yìn yín, ẹ máa rí i tó ń tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú omi. Ẹ má ṣe é nítòsí àbẹ́là, torí epo yẹn máa ń gbiná.

Tí tẹ̀kílà bá jẹ́ ìdá 40 nínú 100, mílílítà 20 ọtí pọ́ńbélé ló wà nínú ife yìí, bíi gíráàmù 16. Pẹ̀lú omi yìnyín, gbogbo ife jẹ́ bíi mílílítà 232, èyí tó mú kó tó ìdá 8 àti ààbọ̀ nínú 100. Mo kọ ìṣirò yìí sílẹ̀ torí pé ó rọrùn láti mu, kò sì jọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rárá. Méjì ni mo máa ń mọ, mi ò sì ní fọwọ́ kan ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, mo pe ọ̀rẹ́ mi tó kọ́kọ́ fún mi mu. Mo fún ọsàn níwájú rẹ̀, ó ní kí ló dé tí mo ń fi omi sílẹ̀ nínú èèpo. Mo ní kó mu ún ná. Ó mu ún, ó gbé ife sójú iná, ó wo yìnyín, ó tún mu ún.

«Kí lo fi sí i? Kíkorò rẹ̀ dà?»

«Ó wà níbẹ̀.»

Ó ní kí n kọ ti omi iyọ̀ yẹn sílẹ̀ fún òun, ó sì bèèrè bóyá kúlà mi máa gba òmíràn sí i lálẹ́ ọjọ́ náà.